Ìpanu tí a ń ṣe nílé fún àwọn ọmọ kéékèèké: kí ni ojú yín ti rí?

Ìyá Tèmítáyọ̀, Ìbàdàn:
Mo kí gbogbo òbí tó wà níbí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìpanu méjì ni ilé-ìwé ní kí a máa dì fún un lójoojúmọ́, ọ̀kan fún ìsinmi àárọ̀, ọ̀kan fún ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó pọ̀ jù nínú àpò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju bisikíìtì, súwíìtì, ṣinṣín inú ọ̀rá àti omi èso inú páálí tí ṣúgà rẹ̀ ju èso lọ. N kò fẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà tán kó tó mọ̀ pé oúnjẹ ní adùn tirẹ̀. Mo fẹ́ máa yan ìpanu rẹ̀ fúnra mi, kí n lè mọ ohun tó wọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá ti ń ṣe é nílé sọ bí ó ṣe ń ṣe é fún wa, àti ní pàtàkì, bí àwọn ọmọ ṣe gbà á.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Ẹ kú àbójútó, mà. Kò sí ààrò búrẹ́dì nílé wa, síbẹ̀ mo máa ń yan kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún àwọn ìbejì mi. Ìkòkò irin tó nípọn ni mò ń lò. Mo fọ yanrìn títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo sá a gbẹ dáadáa, mo sì dà á sí ìsàlẹ̀ ìkòkò náà títí ó fi ga tó ìbú ìka méjì. Mo gbé òrùka irin kan lé e, mo dé ìkòkò náà, mo sì jẹ́ kí ó gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí n tó gbé ohunkóhun sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú ni mo máa ń fi fọ́ọ̀kì tẹ̀. Èyí tí àwọn oníṣòwò ń tà ní ọ̀pọ̀ nírọ̀lẹ́ ló dára jù, nítorí òun náà ló dùn jù. Mo pò ó mọ́ ẹyin méjì, ìdámẹ́rin ife òróró, ife kan ààbọ̀ ìyẹ̀fun àlìkámà olóèépo, ṣíbí ìmutíì kan ààbọ̀ bákín páúdà, iyọ̀ díẹ̀ àti àgbọn tí mo ti rin. Mo wá dà á sínú agolo mílíìkì tí mo ti fi òróró pa nínú, kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì agolo lọ, torí pé yóò wú. Iná kékeré ni, kì í sábà ju ìṣẹ́jú 40 lọ. N kì í ṣí i wò léraléra, òórùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀. Yóò kọ́kọ́ dà bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, nígbà tó bá yá yóò dà bíi ti dòdò tó wà lórí iná. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ṣí i, tí mo sì ń fi igi ìtayín gún un láàárín. Bí igi náà bá jáde láìní nǹkan tútù lára, ó ti jinná.
Ní ti ṣúgà, díẹ̀díẹ̀ ni mo yọ ọ́ kúrò. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo dín in sí méjì, mo dín in sí ọ̀kan, lẹ́yìn náà n kò fi sí i mọ́. Àwọn ọmọ kò béèrè ibi tó lọ.

Bàbá Fẹ́mi, Ìlọrin:
Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé yanrìn náà kì í ba ìdí ìkòkò jẹ́?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Ó máa ń jẹ́ kí ó dúdú, sà, nítorí náà ni mo ṣe ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún un. Yanrìn kan náà ni mò ń lò ní gbogbo ìgbà, inú ike tó ní ìdérí ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ má ṣe lo ìkòkò tí wọ́n kun inú rẹ̀ kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní gba irú ooru gbígbẹ bẹ́ẹ̀.

Adérónkẹ́, Ìkòròdú:
Mo fara mọ́ ohun gbogbo tí ẹ sọ àfi agolo mílíìkì yẹn. Àwọn agolo òde òní ní nǹkan tí wọ́n fi kun inú wọn, wọn kò sì ṣe é fún yíyan nínú ooru gbígbẹ. Abọ́ irin kékeré tí kì í dípẹtà wà lọ́jà, a rà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Mọ́ínmọ́ín ni mo ń fi tèmi sè láti ìgbà tí mo ti ní ọmọ àkọ́kọ́, mo sì tún ń fi yan kéèkì.

Ọmọ Ìkirè:
Mo kí gbogbo yín. Kéèkì dára, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí a bá ti dárúkọ yíyan, ìyẹ̀fun àlìkámà nìkan ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ní ìlú wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè tí gbogbo èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ̀. Epo àti ata rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí náà mo ń ṣe ti àwọn ọmọ mi ní ọ̀nà mìíràn. Mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, mo da ìyẹ̀fun àgbàdo sí i títí ó fi le díẹ̀, mo fi àlùbọ́sà tí mo gé wẹ́wẹ́ àti ṣíbí epo pupa kan sí i, mo wá ń fi ṣíbí bù ú lé orí àwo irin tí mo fi òróró pa. Nínú ìkòkò oníyanrìn tàbí nínú ààrò, yóò pọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kò gba ṣúgà, kò gba mílíìkì, kò gba ẹyin. Ọwọ́ ni àwọn ọmọ fi ń mú un, kì í sì í dà sí wọn láṣọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́:
Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun méjì nítorí àwọn tí ọmọ wọn ṣì kéré. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀pà odidi kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gugúrú, nítorí èèpo rẹ̀. Ẹ lọ ẹ̀pà náà kúnná kí ẹ tó fi sínú ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ sì ṣa àwọn tó ti bu dànù, nítorí pé májèlé inú ẹ̀pà tó bu kì í kú sínú iná. Èkejì ni oyin. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ jẹ oyin rárá, yálà ní tútù tàbí nínú ohun tí a yan. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí irúgbìn rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú oyin, ooru tí à ń lò nínú ilé kò sì tó láti pa á. Nínú ikùn àgbàlagbà kò rí àyè hù, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ ọwọ́ ó lè hù kí ó sì tú májèlé sílẹ̀, tí ọmọ yóò fi rọ, tí kò ní lè mu ọyàn, tí èémí rẹ̀ pàápàá yóò fi di ìṣòro.

Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o wí, mo sì mọ̀ pé o kàwé. Ṣùgbọ́n oyin ni a fi ń kó ọmọ jáde. Ní ọjọ́ kẹjọ ni a ti fi kan gbogbo ọmọ tí mo bí lẹ́nu, a sì fi kan ọmọ ọmọ mi náà. Gbogbo wọn wà láàyè, wọ́n ti di ẹni ńlá. Ṣé kí a wá pa àdúrà oyin tì ni?

Kọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ìyá wa ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Ìyá Ìrètí, Adó-Èkìtì:
Ọ̀rọ̀ yìí dá wàhálà sílẹ̀ nílé ọkọ mi nígbà tí a fẹ́ kó àbíkẹ́yìn wa jáde, nítorí pé dókítà ti kìlọ̀ fún wa kí a tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Bàbá ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́. Ìyá ọkọ mi ló wá ọgbọ́n sí i: wọ́n fi oyin náà wúre, wọ́n gbé e ká orí ọmọ, wọ́n fi kan èmi ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ lẹ́nu, àwọn àlejò sì tọ́ ọ wò lẹ́yìn wa. Kò sí ọ̀rọ̀ àdúrà kankan tí wọ́n fò.

Bàbá Ìbídùn, Ọ̀yọ́:
Bí wọ́n ṣe ṣe é nílé wa náà nìyẹn. Àgbà tó darí ètò náà ní ìyá àti ọmọ ò tíì pínyà, ohun tó bá wọ ẹnu ìyá ni ọmọ yóò mu nínú ọyàn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Ìyá wa, mo kúnlẹ̀ fún àṣà wa, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Àìsàn náà kò wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi lè sọ pé àwọn kò rí i rí. Ṣùgbọ́n ilé tó bá wọ̀, ó máa ń wúwo fún wọn, ọmọ sì lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ìyá lè gba àdúrà náà, mo rò pé kí a gbé e síbẹ̀.

Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta:
Èyí tí ìyàwó Èkìtì yẹn sọ kò bí mi nínú. Bí ọmọ bá ti wá pé ọdún kan ńkọ́? Àádùn ni mò ń ṣe fún àwọn ọmọ ọmọ mi, oyin ni mo sì ń fi sí i.

Ìyá Tèmítáyọ̀, Ìbàdàn:
Ohun tí èmi náà fẹ́ bi yín nìyẹn, mà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fún mi pé kí n fi oyin rọ́pò ṣúgà nínú gbogbo ohun tí mo bá ń yan, pé kò ní pa eyín ọmọ lára.

Ìyá Dámilọ́lá, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù:
Oyin kò ní fa àìsàn tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ fún ọmọ tó ti ju ọdún kan lọ, mà, ṣùgbọ́n ní ti eyín, ṣúgà ni oyin. Níbí ní Bìrìtéènì, ìsọ̀rí kan náà ni àwọn elétò ìlera kó ṣúgà, oyin àti omi èso sí. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kò gbọdọ̀ jẹ ju gíráàmù 19 lọ lójúmọ́, ìyẹn bíi horo ṣúgà onígun márùn-ún. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá, gíráàmù 24. Adùn tó wà nínú èso odidi kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n tàbí dàbínù odidi tí mo rẹ sínú omi gbígbóná, tí mo sì gé wẹ́wẹ́, ṣe èyí tó yẹ kó dùn. Dàbínù náà máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mu omi sí i.
Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ilé-ìwé ọmọ mi kò gba ohunkóhun tó ní ẹ̀pà, nítorí àwọn ọmọ tí ara wọn kọ̀ ọ́. Kúlíkúlí tí ìyá mi ń fi ránṣẹ́ kò lè wọ inú àpò ìwé. Ilé ni a ti ń jẹ ẹ́. Irúgbìn elégédé tí mo yan, tí mo sì lọ̀, ni mo ń fi sínú ìpanu ilé-ìwé.

Bàbá Fẹ́mi, Ìlọrin:
Ṣé ẹ̀pà ni ara ọmọ wá ń kọ̀ báyìí? A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní àdúgbò wa.

Ìyá Dámilọ́lá, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù:
Ó wà, sà, ó sì lè pa ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà n kò bá ilé-ìwé náà jà. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ewu rẹ̀, tí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní oúnjẹ tó ní ẹ̀pà, ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro náà tó àwọn tí wọ́n fi ẹ̀pà dù. Ó ṣeé ṣe kí ògì tí àwọn ìyá wa ń po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ti ran ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́.

Kọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ń bú ṣúgà púpọ̀. Ṣúgà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ní fítámì A nínú, wọ́n sì ya àwòrán ojú sára àpò rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀. Bí a bá yọ ṣúgà kúrò nínú oúnjẹ ọmọ, níbo ni yóò ti rí fítámì náà?

Ọmọ Ìkirè:
Nínú epo pupa, ẹ̀gbọ́n mi. Àwòrán ojú yẹn wà lára àpò ìyẹ̀fun àlìkámà àti ike òróró pẹ̀lú, kò pọn dandan kí ó jẹ́ pé ṣúgà ni yóò gbé e wá.

Àgbẹ̀ Olùkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ oko kún un. Ní 2011 ni wọ́n fi irúgbìn ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí inú wọn pọ́n bí pupa ẹyin lé àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà lọ́wọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, nítorí fítámì A yìí gan-an. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n náà wà. Ìyàwó mi máa ń se ọ̀dùnkún náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kì í bó o kí ó tó sè é, kí omi má baà wọ̀ ọ́. Bí ó bá ti tutù, yóò bó o, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì da ìyẹ̀fun tó tó ìdajì ọ̀dùnkún náà sí i pẹ̀lú ẹyin kan àti bákín páúdà díẹ̀. Yóò wá yí i ní róbótó-róbótó, yóò fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, yóò sì yan wọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìgbà tí ènìyàn fi epo sí i, àwọ̀ náà ló sì kọ́kọ́ ń fa àwọn ọmọ wá sí ìdí àwo. Bí ọ̀dùnkún funfun nìkan lẹ bá rí, ẹ fi ṣíbí epo pupa kan sí i, kí ẹ má bó epo náà lórí iná, nítorí pé bíbó ló ń lé ohun rere náà lọ.

Bàbá Ayọ̀mídé, Ìpájà, Èkó:
Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ló dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì kan ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ń pèsè oúnjẹ àárọ̀ nílé wa, nítorí pé ìyàwó mi ń tètè jáde. Mọ́ínmọ́ín kéékèèké, tó ní ẹyin àti ẹja nínú, ni mo ń dì sínú kúlà ọmọkùnrin mi. Ó fẹ́ràn rẹ̀ nílé. Ní ọjọ́ kan ó dé, kúlà náà kún bí mo ṣe dì í, ó sì sọ fún mi pé àwọn ọmọ kíláàsì òun di imú, pé olùkọ́ sì ní kí òun gbé e padà. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n máa di ohun tó mọ́ níwọ̀n, bíi bisikíìtì. Ó dùn mí dé egungun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé kí ojú oúnjẹ ilé baba rẹ̀ máa tì í.
Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà, n kò pariwo. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà mí láàyè kí n gbé ìpanu wá fún kíláàsì náà ní ọjọ́ Ẹtì. Mo po ẹ̀wà lílọ̀ mọ́ tàtàṣé, àlùbọ́sà, ẹyin àti káróòtì tí mo rin, n kò fi edé sí i nítorí òórùn, mo sì yan án nínú ife bébà kéékèèké nínú ààrò, tí mo gbé abọ́ omi gbígbóná sí abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà gbẹ jù. Àwọn ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ìyá kan sì béèrè bí mo ṣe ṣe é. Síbẹ̀, ìwé tí olùkọ́ kọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìrètí, Adó-Èkìtì:
Ẹ kú ìfaradà, sà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àbúrò mi nítorí ẹ̀kọ àti àkàrà.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka èyí. Bisikíìtì ni wọ́n pè ní ohun tó mọ́!

Adérónkẹ́, Ìkòròdú:
Èmi ìbá ti yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi, Ṣàgámù:
Ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ogún nínú yàrá kan. Olùkọ́ yẹn kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ di imú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn òbí kì í rí. Mọ́ínmọ́ín tí a dì sínú kúlà ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò gbóná mọ́, lè ti kan kí ó tó di ọ̀sán, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta. Mo ti ṣí kúlà tí ìfófòó wà lójú oúnjẹ inú rẹ̀, èmi náà sì gba oúnjẹ náà lọ́wọ́ ọmọ. Kì í ṣe ìtìjú oúnjẹ wa ló mú mi ṣe é.

Bàbá Ayọ̀mídé, Ìpájà, Èkó:
Mo gba ọ̀rọ̀ yín, mà. Aago mẹ́wàá ni tiwa ń jẹ ti àárọ̀, kò sì tíì kan nígbà tí wọ́n dá a padà, nítorí pé mo tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n fún ti ọ̀sán, kí ni kí a máa dì?

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi, Ṣàgámù:
Ohun gbígbẹ, sà. Ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín àti ẹyin jẹ́ ti ìsinmi àárọ̀, kí ẹ gbé e sínú kúlà ní gbígbóná janjan lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi gbígbóná ṣan inú kúlà náà. Fún ọ̀sán, ẹ di kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi ti Ìyá Ìbejì, ọ̀dùnkún bíi ti Àgbẹ̀ Olùkọ́, tàbí odidi èso tí ẹ kò tíì bó. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ yan tutù tán kí ẹ tó dé e, nítorí pé ooru tó bá sé mọ́ inú abọ́ ni yóò mú un bu.

Adérónkẹ́, Ìkòròdú:
Ṣinṣín tí a yan, tí a kò dín, máa ń pẹ́ nínú ike fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé. Mo ń fi ìdajì ìyẹ̀fun àlìkámà olóèépo àti ìdajì ti funfun pò ó, mo sì ń gé e tóbi díẹ̀ ju ti ọjà lọ. Kò ní rí bíi ti inú òróró, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n ó ń dún lẹ́nu. Òróró tí àwọn tó ń dín in ní ìta ń gbé kaná léraléra ló mú mi pinnu láti máa yan tèmi.

Bàbá Ìbídùn, Ọ̀yọ́:
Búrẹ́dì ńkọ́? Gbogbo wa ló ń fún ọmọ ní búrẹ́dì láràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. NAFDAC ti fòfin de bíróméètì tí wọ́n ń fi mú búrẹ́dì wú tipẹ́tipẹ́, nítorí ìfura pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń mú àwọn tó ń lò ó.

Kọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde:
Búrẹ́dì kì í tilẹ̀ ṣe oúnjẹ wa. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, ló sọ ọ́ di òwò ńlá l'Ékòó ní àwọn ọdún 1920. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀kọ.

Ọmọ Ìkirè:
Kò sí ohun tó burú nínú búrẹ́dì fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun, omi, ìwúkàrà àti iyọ̀ ti tó láti ṣe é. Mo máa ń pò ó ní alẹ́ pẹ̀lú ìwúkàrà díẹ̀, n óò dé e, n óò fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, yóò sì wú fúnra rẹ̀ láìsí bíróméètì kankan. Ẹ tún ṣọ́ra fún búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní olóèépo. Òmíràn jẹ́ búrẹ́dì funfun tí wọ́n fi ṣúgà jíjóná pa láró. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, bí ìyẹ̀fun olóèépo kò bá ṣáájú nínú ohun tí wọ́n kọ, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Ìyá Ìrètí, Adó-Èkìtì:
Ẹ má gbàgbé owó o. Ẹyin ti wọ́n, gáàsì náà ti wọ́n, ìyẹ̀fun olóèépo sì wọ́n ju ti funfun lọ. Mo fẹ́ràn gbogbo ohun tí mo kà, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ni mo ní, owó oṣù kan ló ń wọlé.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo:
Òótọ́ ni, mà. Bí ìkòkò náà bá ti gbóná, mo máa ń yan nǹkan méjì tẹ̀léra kí gáàsì má baà lọ lásán, ìkejì kì í pẹ́ rárá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí a tẹ̀ lè dúró fún ẹyin kan. Kéèkì náà yóò ki díẹ̀, kò sì ní wú tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́.

Ọmọ Ìkirè:
Kì í ṣe gbogbo ìpanu ló nílò iná, mà. Ẹ rẹ òfìò mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú dàbínù méjì tàbí mẹ́ta àti àgbọn, ẹ sẹ́ ẹ, ohun mímu tí a kò fi ṣúgà sí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ nínú fíríìjì. Bí iná kò bá sí, ẹ ṣe èyí tí wọn yóò mu tán lójú ẹsẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́:
Èèrún òfìò tó kù lẹ́yìn sísẹ́, ẹ má dà á nù. Ẹ sá a gbẹ, ẹ tún un lọ̀, kí ẹ wá fi rọ́pò díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun kéèkì.

Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta:
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná, ọmọ ọmọ mi ló ń kà á sí mi létí. Àgbàdo tútù ti dé. Mo fẹ́ ṣe àbàrí fún wọn, ṣùgbọ́n kò sí ewé lẹ́bàá wa mọ́, n kò sì fẹ́ lo ọ̀rá. Ṣé yóò jinná nínú abọ́ irin yẹn, nínú ìkòkò oníyanrìn?

Adérónkẹ́, Ìkòròdú:
Yóò jinná, mà, ṣùgbọ́n ẹ má lo yanrìn fún àbàrí, torí pé yóò gbẹ lókè kí inú rẹ̀ tó dì. Ẹ bu omi sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ to àwọn abọ́ náà lé orí irin, ẹ fi àwo kékeré bo abọ́ kọ̀ọ̀kan kí omi ìdérí má baà kán sí i, kí ẹ sì fún un ní bíi ìṣẹ́jú 45. Àgbàdo tó bá ṣì rọ̀ gan-an ti ní adùn tirẹ̀, kò gba ṣúgà; iyọ̀, àlùbọ́sà àti epo díẹ̀ ti tó o.

Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta:
O ṣé, ọmọ mi. Ata ńkọ́?

Adérónkẹ́, Ìkòròdú:
Tàtàṣé nìkan, mà. Ẹ jẹ́ kí ata rodo wà fún ti àwa àgbà.